Ìkòkò Midinmíìdìn Lórí Itan Lamjed

Abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ Lamjed ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán fìlà pupa ní Túnísì; abẹ́rẹ́ mìíràn ló tún ń dúró dè é nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì bọ̀rọ̀. Bí ọ̀bẹ bá bù ú nídìí àlùbọ́sà, ọbẹ̀ á jinná, wọn á jẹ ẹ́ tán, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa jò. Nígbà mìíràn, inú orúnkún ló máa ń ya sí, á sì wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà. Ìdí nìyẹn tó fi ń gún ara rẹ̀ ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń tiro. Òun ní ẹsẹ̀ òsì òun ló lọ́gbọ́n àgbà, kì í kánjú.

Sihem, ọmọbìnrin rẹ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára. Àmọ́ dókítà ti ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì: ọmọbìnrin irú bàbá bẹ́ẹ̀ á gbé àrùn náà sára láìjẹ́ pé ó dà á láàmú, ọmọkùnrin tó bá bí ló lè máa bá a fínra. Sihem wá bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Skander. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má sọ fún àwọn àna, òun á sọ ọ́ fúnra òun. Kò sọ ọ́, títí ọjọ́ ìdábẹ́ Skander fi pé.

Olóòlà ti fọwọ́ tán. Àwọn obìnrin wá ń wá ìkòkò amọ̀ tí wọ́n kó midinmíìdìn àti àmọ́ńdì sí, èyí tí wọ́n máa ń fọ́ mọ́lẹ̀ bí abẹ bá ṣe kan ọmọ, kí ariwo àwọn tó ń ṣa á lè bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí itan Lamjed ni wọ́n ti rí i. Ó ń jẹ àmọ́ńdì.

Nejiba, ìyá ọkọ Sihem, nawọ́ sí i. "Bàbá Sihem, ọ̀kánjúwà yìí mà pọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ ná."

"Àna mi, eyín tó kù lẹ́nu mi ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn ara wọn."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á, kò jọ̀wọ́ ìkòkò. Láìsí ìkòkò, ta ló fẹ́ dábẹ́? Sihem ni Lamjed ń wò. Ó ti ṣèlérí fún un pé òun ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí kankan nípa ìkòkò.

Sihem gbá ọmọ mọ́ra. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wà lára mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ti Skander wò."

Nejiba wo ẹsẹ̀ tí Lamjed nà sílẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, mà."

Nejiba ní kí olóòlà ká abẹ rẹ̀ nílẹ̀. Ó gba ìkòkò, ó so aṣọ mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ẹ̀jẹ̀ bíi ti bàbá àgbà ni Skander ní lóòótọ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti dá abẹ́ fún un, lẹ́yìn tí wọ́n fún un lóògùn, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Wọ́n délé, Nejiba gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Midinmíìdìn fọ́n káàkiri. Àmọ́ńdì ò sí níbẹ̀, kódà ẹyọ kan.

Gbogbo ojú yí sí Lamjed.