Òkúta Tí Mo Sá Fún

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í gun igi lójú àlejò. Èmi gùn ún, ní Gagi níbí, lápá àríwá, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú jálàmíà tuntun tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Ọdún tí àgbàrá wọ àdúgbò wa, orí igi dóńgóyárò kan náà ni èmi àti ìyàwó mi wà tí omi fi gbé ilé àti máṣíìnì ìránṣọ mi lọ. Mai unguwa, baálẹ̀ àdúgbò wa, ló fún mi ní yàrá tí mo ti ń ránṣọ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé àwọn ìlú òkèèrè kan, tí èéfín ilé iṣẹ́ wọn wà lára ohun tó ba ojú ọjọ́ jẹ́, ti dá owó jọ fún irú wa. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gọ́tà ńlá tó yẹ kó gba ẹ̀yìn ilé wa lọ sódò. Ó dé àbọ̀, agbaṣẹ́ṣe kò wá mọ́. Nígbà tí àwọn tó ni owó fẹ́ wá wo iṣẹ́ kí wọ́n tó fi ìyókù ránṣẹ́, mai unguwa ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní ìmoore nìkan ni kí n sọ. Ẹni tó bá ń ráhùn, wọn kì í fún un mọ́. Mo gbà. N kì í ṣe oníjà.

Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n dé, kò sí ìkùukùu lójú sánmà. Mo dìde, mo ní báyìí, tí òjò bá ń rọ̀, à ń sùn. Ibẹ̀ ni mo dé tí ìró kan bú jáde lẹ́yìn mi, gìrìgìrì, bíi ti ọjọ́ tí àgbàrá dé gan-an. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi. Jálàmíà ti ya lábíyá kí n tó mọ̀ pé orí igi ni mo wà.

Ìyàwó mi dúró nísàlẹ̀, ó rọra sọ ọ́: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ sọ̀kalẹ̀. Òkúta ni, kì í ṣe omi."

Tìpà ló da òkúta sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló rán an, kí àlejò lè rò pé iṣẹ́ ń lọ.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ márùwá ń rẹ́rìn-ín. Òyìnbó obìnrin tó ṣáájú àwọn àlejò kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sídìí igi, ó bi mí ohun tí mo ń rí lókè níbẹ̀. Ìtìjú ti bò mí débi pé gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí ti fò lọ. Mo ní gọ́tà parí sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Láti ibẹ̀ dé ilé wa, iyanrìn ni. Ó ya fọ́tò, wọ́n lọ, kò sọ bóyá owó yóò wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tìpà ti padà wá kó òkúta rẹ̀.

Látìgbà náà, tí mo bá ń kọjá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ a ní, "Baba, ruwa ya zo," pé omi ti dé. Mo máa ń wolẹ̀ ni. Ojú mai unguwa ni n kò lè wò rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú aṣọ wá kí n rán fún un. Mo wọn èjìká rẹ̀, ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn rẹ̀ ló bi mí:

"Láti orí igi yẹn, ṣé o rí ilé tèmi?"

Mo ní mo rí i.

"Gọ́tà ńkọ́?"

Mo ní, "Kò dé ibẹ̀, Baba."

Ó gbé apá sókè kí n lè wọn abẹ́ rẹ̀.

"Tèmi, jẹ́ kó fẹ̀ lábíyá."

N kò rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín.