Ìlẹ̀kẹ̀ Ẹgbàá Ó Lé Mẹ́ta

Ní àárọ̀ yìí, ìlẹ̀kẹ̀ irun ọmọ kékeré kan já nínú ilé wa, ó ń ta pàrà-pàrà lórí sìmẹ́ńtì. Ìró yẹn gbé mi padà sí àgbàlá wa lẹ́bàá odò, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Old Market.

Nígbà tí ìyá màmá mi kú, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ ló fi sílẹ̀, pupa, ó kéré bí kóró ata. Nílé wa, ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kù sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n màmá mi dé láti Kàbbà. Ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀: “Òkun o!” Òun àti màmá mi já ìlẹ̀kẹ̀ náà dà sórí ẹní. Àwa ọmọ ń kà á ní márùn-ún márùn-ún, a ń kó o jọ ní òkìtì igba-igba. Òkìtì mẹ́wàá pé, ẹgbàá nìyẹn. Ẹyọ mẹ́ta lé.

Wọ́n pín in sí méjì, ó ku ẹyọ kan.

“Àgbà ló ni àṣẹ́kù,” ni ẹ̀gbọ́n màmá mi wí.

“Àgbà tó wà ní Kàbbà nígbà tí mò ń wẹ ìyá, tí mò ń bọ́ ọ?” ni màmá mi dáhùn.

Wọ́n ní kí á pín in fún àwa ọmọ-ọmọ márùn-ún: mẹ́ta kù. Wọ́n pe ọmọbìnrin Nupe méjì tí a jọ ń gbé, kí á lè di méje: ẹyọ kan tún kù, ó ń wò wá. Wọ́n ní a ṣì í kà ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tiẹ̀ la ẹnu àbúrò mi, ó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀!

Ìwọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, o ní irú iye bẹ́ẹ̀ wà, tí kò sí bí a ṣe lè pín in tí kò ní ṣẹ́kù, àfi kí á kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan tàbí kí á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. A kò mọ̀ nígbà náà. A rò pé ìyá àgbà ló ń bínú.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ń di ẹrù, ó ń búra pé òun kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé wa mọ́. Ìyá àwọn ọmọ Nupe yẹn, tó ń yan ẹja lọ́ọ̀dẹ̀, ló wọlé.

“Haba! Ìjà kọ́ ni ìyá yín fi sílẹ̀ fún yín. Ohun tó kọ̀ tí kò pín, ẹ jẹ́ kó wà lódidi.”

Ó fi òwú lé màmá mi lọ́wọ́. Màmá mi di orí kan mú, ó na orí kejì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó, àwọn méjèèjì sì sín gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sórí òwú kan ṣoṣo.

Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ń relé ọkọ, ì báà jẹ́ nílé wa tàbí ní Kàbbà, ni ìlẹ̀kẹ̀ náà ń tọ̀ lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ gbà á nílé kejì, wọn a sì sùn mọ́jú. Lóde òní, fóònù la fi ń kí ara wa, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí kò sì jọ ọmọge lójú mọ́. Màmá mi ti lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ń ṣègbéyàwó, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà ní Kàbbà. Orúnkún ń dùn mí, mo mọ̀. Má ṣe ní kí ẹnikẹ́ni fi í ránṣẹ́.

Wá ọkọ̀ fún mi.