Mo Wá Ọmọ Òrukàn Tì ní Ẹdẹ

Ẹnu ara mi ló kó mi sí i. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú, mo ní: "Ọlọ́run, bí O bá jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí délé láàyè, màá bọ́ àwọn ọmọ òrukàn." N kò sọ iye wọn, n kò sọ ìgbà. Ọlọ́run sì gbọ́. Ọmọ délé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìyẹ onílé kiri.

Àfáà tí mo bi léèrè ní kí n tètè san ẹ̀jẹ́ mi. Láti ìgbà náà, bí ara ọmọ náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, àyà mi á já.

Ṣùgbọ́n ibo lèèyàn ti ń rí ọmọ òrukàn ní Ẹdẹ? Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan nínú agboolé ọkọ mi, tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lọ́nà ìlú Ara ni mọ́tò ti pa bàbá àti ìyá ọmọ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo se ẹ̀wà, mo din dòdò, mo gbé e lọ. Ìyá àgbà ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Inú wọn dùn: "Ìyàwó, kí la ń ṣe lónìí?"

Èmi òpònú, mo ní ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́, pé oúnjẹ ọmọ òrukàn ni.

Ọwọ́ wọn dúró lórí ìrẹsì.

"Ta ló jẹ́ òrukàn?"

Mo gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú wọn.

"Mo ní ta ló jẹ́ òrukàn níbí? Èmi ti kú ni, tẹ́ ẹ gbàgbé láti sin mí?"

"Ẹ má bínú, mà, n ò rò ó báyẹn..."

"Gbé abọ́ rẹ."

Mo gbé abọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ní "kú àárọ̀", wọ́n á kọjá. Wọn kò pè mí ní ìyàwó mọ́. Ọwọ́ wọn ló sì kọ́kọ́ wẹ ọmọ mi fún mi lẹ́yìn ìkúnlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé agboolé rí kò lè mọ bí èyí ṣe ń dunni tó.

Irun ni mò ń dì, ní ìsọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà ilé-ìwé gíga. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá dirun, ó gbé páálí tí wọ́n dá ihò sí lórí dání. Ó ní àwọn ọmọ òrukàn lókè òkun ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ń dáwó fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń tọ́ wọn. Ogun ló pa àwọn òbí wọn. Ní Sátidé, wọ́n ń fọ ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́, owó rẹ̀ ni wọ́n ń jù sínú páálí.

Mo ní, "Òkè òkun lọ́hùn-ún? Ẹ ò rí òrukàn ní Ẹdẹ ni?"

"Háà, àǹtí, ẹ dákẹ́ o! A mú ìwé wọ agboolé kan pé a fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ òrukàn. Ìyá àgbà kan fi ìgbálẹ̀ lé wa jáde. Wọ́n ní ṣé àwọn jọ òkú lójú wa ni. Bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ dòní."

"Ṣé wọ́n ní ilà lójú? Tí ọmọ obìnrin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ mi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí mi lójú. Kì í ṣe omi ẹ̀rín nìkan. Mo wá sọ tèmi fún un, àti ẹ̀jẹ́, àti abọ́.

Ó ní, "Àǹtí, àwọn ti ọ̀hún ò ní dá abọ́ yín padà o."

Mo ní ó dáa. Gbogbo orí tí mo bá dì ní Sátidé, inú páálí ni owó rẹ̀ ń lọ.

Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé kún ìsọ̀ mi. Ọ̀sán pọ́n tán, mo gbójú sókè, ìyá àgbà rèé, wọ́n fa ọmọ ọmọ wọn lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ onípáálí ti fò sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìwọ oníwèé, jáde. Wá gba bàtà rẹ." Wọ́n yọ bàtà kan nínú láílọ́ọ̀nù. "Wọ́n sọ fún mi nílé pé ẹ ń dáwó òrukàn níbí. Ta lẹ ń dáwó fún gan-an?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fi àwòrán inú fóònù hàn wọ́n. Àwọn ọmọdé tò jókòó, orí fífá, abọ́ lọ́wọ́ kálukú. Ìyá àgbà na fóònù jìnnà sí ojú wọn.

"Ìyá àgbà wọn ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá?"

"Kò sí, mà."

"Aládùúgbò tó máa ń nà wọ́n bí wọ́n bá ṣe àṣejù ńkọ́?"

"Kò sí, mà. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń tọ́jú wọn."

Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́. "Háà. Òrukàn rèé."

Wọ́n tú gèlè, wọ́n jókòó síwájú mi. "Bá mi dirun." Irun wọn funfun, ó rọ̀ bí òwú, mo rọra dì í kí n má baà fà á. Nígbà tí mo parí, wọ́n tú owó létí ìró, wọ́n fi sọ́wọ́ ọmọ ọmọ wọn: "Bá mi jù ú síbẹ̀, fún àwọn tí kò lẹ́nìkan." Ọmọ náà nàró lórí ìka ẹsẹ̀, ó jù ú sí ihò.

Wọ́n dìde, wọ́n wé gèlè padà.

"Ìyàwó."

"Mà!" N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀wà ọjọ́sí yẹn, ó ń ta sánsán. Ebi sì ń pa mí lọ́jọ́ náà. Bó o bá tún sè é, má ṣàlàyé kankan fún mi. Sáà gbé e wá."

Ọjọ́ kejì ni mo sè é. N kò ṣàlàyé. Ọmọ mi àti ọmọ wọn jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bu ara wọn jẹ nítorí dòdò. N kò tíì bi àfáà bóyá páálí ló san ẹ̀jẹ́ mi tàbí abọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara ọmọ mi tún gbóná. Mo fún un lóògùn, ìyá àgbà ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń bá a wí pé òjò ló fi wẹ̀. Àyà mi kò já.