Aṣọ Tí Mo Dá fún Mọ́tò Nítorí Bàbá Ìyàwó

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: ìfẹ́ ló sọ mí di dìndìnrìn lọ́dún náà. Orí mi pé tẹ́lẹ̀. Mo ń ta páànù ìbolé ní Parakou, ní ìsọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo sì ní mọ́tò kékeré kan tí mo rà ní àlòkù ní Kùtọnu. Àwọ̀ eérú ni. Ewúrẹ́ àdúgbò ti fi ìwo ha bọ́ńpà rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ó ń rìn, kì í sì í dá mi dúró lọ́nà.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ tíṣà ní Titirou. Bàbá rẹ̀ ń gbé ní Ladjifarani; àdúgbò Parakou ni méjèèjì. Ogójì ọdún ni bàbá yẹn fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Màlánfíìlì dé Kùtọnu kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ ni pé:

"Mo gbọ́ pé ọmọ yín ní mọ́tò. Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì òní, kó wá gbé mi láti ibí dé Titirou, kó sì gbé mi padà. Bí ọkùnrin bá ṣe ń wakọ̀ ni yóò ṣe mú aya. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó gbọ́ èsì mi."

Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ ni bàbá ń sọ. Èmi nìkan ni mo padà délé tí mo lọ dúró ti mọ́tò, tí mo ń wo ibi tí ewúrẹ́ ti ha á. Mo ní, háà, ẹni tó ti wa ọkọ̀ ńlá fún ogójì ọdún, ṣé irú nǹkan yìí ni mo fẹ́ gbé e sí? Ó máa kọ̀ mí. Ọmọ náà á bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ewúrẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé mo máa dá aṣọ fún mọ́tò. Ẹ ti rí àwọn mọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: bọ́ńpà tuntun tó tẹ́ wálẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú, òmíràn lẹ́yìn, pátákó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bọ́dí-kíìtì ni wọ́n ń pè é. Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Fi mọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà, jọ̀ọ́. Bàbá mi ò bèèrè ìyẹn." Mo ní obìnrin ò mọ̀ nípa nǹkan báyìí. Ó ní ó dáa, ó sì ń fi ìdí gègé ìkọ̀wé họ irun rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń gbé mì.

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni ti rọ́bà, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní pólíyúrétàànì. Èkejì ni ti fíbà: òwú gíláàsì tí wọ́n ń rẹ sínú oje kan títí yóò fi gan pa. Mo lọ bá ẹni tó ń ta ti rọ́bà lọ́nà Màlánfíìlì, ọmọ Òṣogbo kan ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ọjà rẹ̀ lọ. Ó gbé bọ́ńpà kan sílẹ̀, ó ní, "Ẹ fò lé e, ẹ̀gbọ́n." Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ fò lé e! Tó bá fọ́, mo kúrò ní Parakou." Mo fò lé e. Kò fọ́. Ó tẹ̀, ó padà, ó sì ju èmi alára sórí taya àlòkù tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bó ṣe ń gbọn eruku kúrò lára mi ló ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fọ́, kì í ṣe òun."

Kí n sòótọ́, ó wù mí. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé èyí tó bá mọ́tò mi mu wà ní Kùtọnu, kò sì ní dé kí ọjọ́ bàbá tó pé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ oní-fíbà. Táńkì omi tó bá jò ló máa ń tún ṣe fáwọn ènìyàn kó tó bọ́ sídìí mọ́tò. Ọkùnrin náà ò lè sọ gbólóhùn méjì kó má họ apá. Ẹni tó ní làákàyè ì bá ti bèèrè ohun tó ń yún un. Mi ò bèèrè. Ó ní ti rọ́bà dáa, àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ní. Ti fíbà, ojú tó bá wù mí lòun máa yà sí i. Mo ní kó ya ihò mímí bíi ti ẹja sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní, "Ẹja wo?" Mo ní ẹja tó bá le jù.

Ọjọ́ kẹfà ló gbé e fún mi, ó ṣì ń ṣe gbágungbàgun lára. Iṣẹ́ táńkì mọ́sáláṣí kan ti ká a mọ́, ó ní kí n lọ fi sáńpépà ha á fúnra mi kí n tó kùn ún. Ó kì mí nílọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé: "Máa bomi sí i bó o ṣe ń ha á o. Má ha á gbẹ." Mo ní mo ti gbọ́.

Gbígbọ́ ni mo gbọ́, mi ò ní mo máa ṣe é. Ọyẹ́ ń fẹ́, kànga ilé wa ti lọ sílẹ̀, ó sì kù ọ̀la. Agbo ilé wa ni mo jókòó sí, mo ha á gbẹ láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán. Eruku funfun kan tó dára lójú ń fò kiri. Ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi ni okùn tí ìyá mi sá aṣọ sí: bùbá àti ṣòkòtò funfun tí mo máa wọ̀ lọ bá àna, aṣọ ìjókòó mọ́tò mi tí mo fọ̀, àti ìró méjì tirẹ̀. Ìyá mi kọjá, ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o." Mo ní, "Ẹ ṣé, ìyá mi." Mo ń ha á lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mọ́tò mi ń dán bí awo tuntun. Mo gbé e síwájú ilé bàbá ní Ladjifarani lọ́nà tí oòrùn á fi bọ́ sójú ihò ẹja méjèèjì. Bàbá jáde, dígí dúdú lójú, ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ọlá ni. Ó kọjá níwájú mọ́tò, ó fọwọ́ pa òrùlé mọ́tò náà, ó ní "Hùn." Mo ní nínú mi pé ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ mọ̀ pé ní tiwa, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde, kì í sì í máa yíra bí ẹni tí èèrà ń jẹ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣàdúrà fún mi, fún ìyá mi, fún bàbá mi tó ti kú, fún ìsọ̀ páànù. Ìgbà tó dé orí àwọn tó wà lójú ọ̀nà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ọrùn ló kọ́kọ́ mú. Ó sọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó fi dé itan mi, mo ti ń ṣe àmín kí bàbá tó parí gbólóhùn.

A wọnú mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ dúró sílé. Mo fi jíà sí i, a gbéra, ara sì ń yún mi bí ẹni tí wọ́n da yèrèpè sí lára. Mi ò jẹ́ họ ọ́. Níwájú àna? Ìtìjú ńlá! Mo di sítíárìn mú. Bàbá kàn ń dá sí ohun tó ń gbọ́: "Jíà kẹta. O pẹ́ díẹ̀." "Zémì kan wà lọ́tùn-ún rẹ." "Dodáànì ń bọ̀ o." Ọ̀kadà là ń pè ní zémì, gẹ́gẹ́lẹ́ tí wọ́n mọ sójú títì láti dín eré kù là ń pè ní dodáànì. Mo rọra gun ti àkọ́kọ́, mo rọra gun ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Fíbà yẹn ń ha ilẹ̀ gíírí lábẹ́ wa, àmọ́ kò fọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bàbá náà ò jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ó ń fẹ̀yìn ha ìjókòó bíi màlúù tó rí igi. Ó dúró. Ó tún ha á. "Ásítàfúrúlà," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo wo iwájú, ó wo iwájú. Aṣọ ìjókòó tó fẹ̀yìn tì yẹn náà wà lórí okùn lánàá. Yéè, mo ti pa àna mi!

Jìnnìjìnnì yẹn ló mú mi gbàgbé dodáànì karùn-ún, níbi tí a ti ń wọ Titirou. GBÀGÀ! Bọ́ńpà já sí mẹ́ta. Ihò ẹja ọ̀tún yí lọ sínú kòtò, ihò ẹja òsì wà lábẹ́ taya.

"Dúró," bàbá ní. Mo dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ wá igi dógóńyárò kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara rẹ̀ mọ́ ọn sókè sísàlẹ̀. Fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ara ò yún ọ ni?"

"Ó ń yún mi, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti orí ìdọ̀bálẹ̀."

"O ò sì họ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú mi, Bàbá."

"Wá síbí. Igi yìí tó ènìyàn méjì."

Bá a ṣe dúró nìyẹn, èmi lápá kan, bàbá lápá kejì, à ń ha ẹ̀yìn. Àwọn oní-zémì ń rọra kọjá. Ọ̀kan kígbe pé, "Bàbá, ẹ kú ìgbádùn o!" Bàbá dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́!"

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un: fíbà, rọ́bà, sáńpépà, eruku gíláàsì tó bà lé aṣọ lórí okùn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí lo wá ṣe gbogbo ìyẹn fún?"

"Kí ẹ lè rí i pé mọ́tò mi dáa, Bàbá."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó bọ́ dígí dúdú. Ojú rẹ̀ méjèèjì funfun, bí omi ògì. "Ọdún kẹta rèé tí mi ò ti rí ju òjìji lọ. Mi ò rí bọ́ńpà. Mi ò rí mọ́tò gan-an. Àwọn ará ilé nìkan ló mọ̀, mo sì ti mú wọn búra. Mo ní kó o gbé mi nítorí pé etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́." Ó tún ha ẹ̀yìn díẹ̀. "Ní dodáànì mẹ́rin, ara ń yún ọ, o sì ń rọra nítorí ẹni tó o gbé. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ̀karùn-ún ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀karùn-ún, èmi náà ì bá fọ́ bọ́ńpà níbẹ̀."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn débi pé mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe. Mo bá a mú fìlà. Nígbà tí a padà sí Ladjifarani láìní bọ́ńpà, ó dúró níwájú gbogbo ẹbí, ó ní òun ti gbà, àmọ́ kí n máa wá gbé òun jáde ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, nítorí pé wọ́n ò jẹ́ kí òun rí ọ̀nà mọ́. Èmi àti àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló yé. Ní ilé wa, ìyá mi ti di ìró mọ́dìí, ó ti lọ ká obìnrin aládùúgbò wa mọ́lé pé ó da yèrèpè sí òun láṣọ. Ìpẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ aládùúgbò náà.

Báyìí, gbogbo ayé ló ti mọ̀ nípa ojú bàbá, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́, tí mo bá ti lè sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ họra. Irọ́ ni, òun ni. Adìẹ ìyàwó mi ń yé ẹyin sínú èyí tó kù nínú fíbà. Bọ́ńpà tí ewúrẹ́ ha ni mo dá padà síwájú mọ́tò, ó ti pọ́n, ó ti ṣá. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú a máa ń gba ọ̀nà Màlánfíìlì, mo ń ròyìn ohun tí mo rí, òun náà ń ròyìn ohun tó gbọ́. Tí a bá ti fẹ́ padà, ó máa ń nawọ́ jáde lójú fèrèsé, ó máa fọwọ́ pa ilẹ̀kùn, á ní, "Mọ́tò wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń dán?"

Mo máa ń ní, "Ó ń dán gan-an, Bàbá."