Onílé Wa Tó Ń Wo Ẹyẹ

Bí ọyẹ́ bá ti dé, onílé wa ní Jikwoyi á wọ súwẹ́tà, á máa rìn káàkiri àdúgbò láàárọ̀. Bó bá rí òdòdó kékeré tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, á dá wa dúró, á ní, “Ṣé ẹ ò lójú ni? Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run!” Ẹni tó bá kọjá láìwò ó, ará oko ló ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi, tó wá kí wa láti Ọ̀ṣun, yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà. Mo gbọ́ igbe wọn, mo sáré jáde. Onílé dúró nítòsí wọn, ó gbójú sókè sí ẹyẹ pupa kan lórí igi dongoyárò.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé wọn!”

Ó fìka lé ètè. “Ní sùúrù. Tó o bá pariwo, ẹyẹ yìí á fò lọ.”

Èmi nìkan ni mo gbé ìyá mi dé títì, kí n tó rí ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́, wọn ò sì dá rìn mọ́.

Nígbà tí onílé wá kí wọn, ẹyẹ yẹn ló ń ròyìn. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kó máa lọ.

Àgbà là ń pè ní “wọ́n”. Èmi ò lè pe ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀ mọ́.