Ilẹ̀ Yàrá Ìyá Alàájì

Òórùn ẹlẹ́bọ́tọ tútù, ìgbẹ́ màlúù tí àwọn ìyá wa fi ń pa ilẹ̀ ilé alámọ̀, kì í ṣe òórùn tí èèyàn ń wá kiri. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, Ẹgbẹ́dá ni ọkàn mi ń sáré lọ, sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun kan, nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde. Ìwọ náà á rántí bí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì ṣe tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá, tí wọn ò ríbi já ẹrù wọn sí. Alàájì tó ni ilé náà ló ní àwọn tírélà tó ń kó o.

Tẹrásò, ilẹ̀ ilé olókùúta tó ń dán, ni iṣẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo ń wo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, mo sì ń dán an wò lẹ́yìnkùlé títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Sìmẹ́ǹtì funfun la máa ń pò mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń pààlà láàárín àwọ̀ kan àti èkejì. Tó bá le tán, a ó fi ẹ̀rọ àti omi lọ̀ ọ́ títí ojú òkúta á fi yọ. Igun tí ẹ̀rọ ò dé, ọwọ́ la fi ń lọ̀ ọ́. Yàrá ìsàlẹ̀ tí Alàájì yà sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni mo ti lo gbogbo ọgbọ́n mi: òkúta dúdú yí etí ká, àwọ̀ ewé wà nínú, ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ sì wà láàárín gbùngbùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí.

Àmọ́ Ìyá kọ̀, kò kó wọlé. Ilé alámọ̀ rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé tuntun, ibẹ̀ ló jókòó sí. Alàájì náà sì búra pé òun ò ní sùn nínú ilé náà ṣáájú ẹni tó kiri ògì kí òun tó dèèyàn. Firíìjì wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, èèyàn ni kò sí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, baba olówó á kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fọwọ́ lẹ́rán.

Mo rò pé ẹ̀rù pé ẹsẹ̀ òun á yọ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà ló ń ba Ìyá. Mo lọ bá a, mo ní kó jẹ́ kí n ha ojú ilẹ̀ náà díẹ̀ kó má bàa yọ̀ mọ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bírìkìlà, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìrìn? Ilẹ̀ rẹ dára o, ó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ta ni yóò máa pa á?"

"Kò gba pípa mọ́, Ìyá. Aṣọ tútù lásán ni wọn á fi máa nù ún."

"O ò rí i! Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń pa ilẹ̀ tí mò ń sùn sí. Ilẹ̀ tí kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀."

Alàájì ti wà lẹ́yìn wa, ó gbọ́ ọ. Ó ṣí fìlà, ó nu orí. "Bírìkìlà, fọ́ ọ."

"Alàájì! Ìràwọ̀ ọjọ́ mọ́kànlá?"

"Fọ́ ọ, jàre. Wá ṣe òmíràn sí pálọ̀ mi."

Mi ò purọ́ fún ọ, omi lé sójú mi bí mo ṣe ń gbé òòlù sókè. A kó amọ̀ pupa dípò rẹ̀, a fi igi pẹlẹbẹ lù ú títí ó fi dì, a sì jẹ́ kó gbẹ. Alàájì wá rán awakọ̀ rẹ̀ sí ibùdó màlúù ní Agége. Inú búùtù mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́bọ́tọ náà bá dé, awakọ̀ sì fi áńkáṣífù di imú. "Bí mọ́tò yìí bá ń rùn lọ́la, wọn ò gbọ́dọ̀ bi mí o!"

Ìyá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹlẹ́bọ́tọ náà sílẹ̀. Alàájì bọ́ agbádá, ó ká ṣòkòtò sókè, ó kúnlẹ̀ tì í. Ìyá gbá a lọ́wọ́: "Àkànní, ò ń fà á bí ẹni ń fọ mọ́tò! Rọra, yí ọwọ́ rẹ." Ipa ọwọ́ wọn ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Mo tẹ̀ ba, mo wá àṣìṣe títí. Ó fẹ́lẹ́ dọ́gba, ojú ibi tí ọwọ́ kan ti pàdé èkejì ò hàn rárá. Alàájì sì ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, tìyá-tọmọ kó wọlé.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó ò lè fún èèyàn láyọ̀. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ohun tí owó kọ́. Ohun tí mo ń yìn lára ọkùnrin yẹn ni pé ó mọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí owó rẹ̀ dúró sí. Gbogbo àlejò ló ń kan sáárá sí ìràwọ̀ mi tuntun ní pálọ̀. Alàájì á jẹ́ kí wọ́n yìn ín tán, á wá dìde, á ní: "Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ tèmi."