Àdéhùn Tí Zunilda Yẹ̀

Kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi Ireneo ni mo kọ́kọ́ pe Zunilda Aquino ní amí ìjọba nílùú Goya yìí. Ojú ẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí a ti ti ogun tí a bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Malvinas dé kí wọ́n tó gbé e wá fún wa, obìnrin kúkúrú kan báyìí, pẹ̀lú báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ó ní ìjọba ló gba òun láti máa tọ́jú ọkàn àwa tó jagun.

Mo ní, "Ọkàn? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé a ní ọkàn."

Ó ní, "Ó pẹ́ lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá. Níbo ni kí n jókòó sí?"

Mo ní kó jókòó sílẹ̀. Ó sì jókòó sílẹ̀ lóòótọ́, lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti síkẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyẹn tún wá bí mi nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan tó fà á wà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wá nígbà tí wọ́n kó wa láti ilẹ̀ olóoru yìí lọ sí erékùṣù tí yìnyín ti ń bọ́, pẹ̀lú bàtà tí omi ń wọ̀. Ogun ò ju oṣù méjì àtààbọ̀ lọ, wọ́n ṣẹ́gun wa. Nígbà tí a dé, àwọn ọ̀gá tì wá mọ́ bárékè, wọ́n ń bọ́ wa kí a lè sanra díẹ̀ kí àwọn ìyá wa tó rí wa, wọ́n wá ní kí a fọwọ́ sí ìwé pé a ò ní sọ ohun tí ojú wa rí fún ẹnikẹ́ni. A fọwọ́ sí i. Àwọn kan nínú wa pa ìwé yẹn mọ́ débi pé ìyàwó tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ò mọ nǹkan kan. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti mú bírò àti ìwé dání wá bá wa, ẹnu wa á pa dé.

Kò pẹ́ tí Zunilda fi mọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó fi bírò sílé. Ó gba yàrá kan fún wa létí odò, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láyé ọjọ́sí, a sì ń pàdé níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà nínú wa, títí dòní náà ni. Ó gbé àga tiwa ti ògiri, ó gbé tiẹ̀ síbi ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn odò ń fẹ́ ẹ lọ́rùn. Á po ewé mate sínú igbá kékeré, á bu omi gbígbóná sí i, igbá kan náà sì ni gbogbo wa fi ń mu ún, látọwọ́ dé ọwọ́. Fún oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹja nìkan la sọ. Ó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èmi ò jẹ́ ṣe é.

Anacleto Verón ló kọ́kọ́ la ẹnu. Apẹja ni, kò níyàwó, òun àti ajá ẹ̀ ló ń gbé lórí erékùṣù kan láàárín odò Paraná, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń tukọ̀ wá sígboro. Ó ní ebi ló pa òun lójú ogun tí òun fi jí àgùntàn kan pa. Ọ̀gá wa, ọmọ ilẹ̀ wa o, kì í ṣe ọ̀tá, ní kí wọ́n kan èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí wọ́n de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn. Àárọ̀ ni wọ́n dè é, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tú u, ẹ̀yìn ẹ̀ sì wà lórí yìnyín ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n ní kó dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Kò dárúkọ ẹnì kankan.

Èmi ni ẹni náà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ àgùntàn yẹn mú kó fi lè dú u. Mo dúró láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ yẹn, mo ń wò ó, mi ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún Zunilda, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Zunilda náà ò wo ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Kí Anacleto tó dìde ó ní, "Màdáámù, ohun kan ni mo fẹ́. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tẹ àgbàlá mi."

"Mo gbọ́."

"Mi ò ní kí ẹ gbọ́. Ẹ bá mi ṣàdéhùn ni mo wí."

Ó bá a ṣàdéhùn. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Àṣé iṣẹ́ yẹn máa ń sọ èèyàn di ẹni tí ń dá gbé. Ọkọ ẹ̀ wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Buenos Aires, ó sì bá ibẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń kàwé ní Rosario. Òfin ò sì jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ wa fún aládùúgbò, kò tiẹ̀ lè sọ ọ́ fún àlùfáà. Àwa tí a sọ tiwa, a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun ló ń gbé e relé. Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń rí i níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì chipá, ẹyọ kan ló máa ń rà, á lọ jókòó sétí odò, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé, "Màdáámù, ta lẹ̀yin ń sọ tiyín fún?" Ó ní, "Kẹ́tùlù mi." Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ọdún kọkànlá tó ti wà lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nínú oṣù kẹfà, oṣù tí wọ́n ṣẹ́gun wa. Oṣù yẹn kì í dáa fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Odò kún bo etí, igi ńláńlá ń wọ́ lọ lójú omi. Anacleto pa Ọjọ́bọ̀ kan jẹ, Zunilda bi mí, mo ní odò ni kò jẹ́ kó wá. Ó pa ìkejì jẹ. Lọ́jọ́ yẹn, bí a ṣe jókòó, apẹja kan tó ń gbé lókè odò kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fi okùn fa ajá kan tí gbogbo wa mọ̀.

Mo ní, "Ìwọ, ajá Anacleto lo jí gbé yẹn?"

"Jí kẹ̀? Òun ló fún mi níjẹta. Ó ní kí n máa mú un lọ, òun ò nílò ẹ̀ mọ́."

A rẹ́rìn-ín, a ní bóyá oúnjẹ ajá náà ló sú u. Zunilda nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé igbá mate kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ireneo, ọdún mélòó ni ajá yẹn ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Á tó mẹ́sàn-án."

"Ó sì kàn fi fún èèyàn báyẹn. Ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn. Ó fẹ́ pa ara ẹ̀."

Kò sí ọkọ̀ apẹja kankan tó lè kọjá lọ́jọ́ yẹn, tèmi náà ò lè kọjá. Ọkọ̀ ńlá àwọn ọlọ́pàá odò nìkan ló lè lọ. Mo rí i tó mú fóònù, mo sì di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Màdáámù, ẹ bá a ṣàdéhùn."

"Mo bá a ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Odò á ti fà díẹ̀, àwa fúnra wa á lọ."

"Ọ̀la ti pẹ́ jù."

"Tí ẹ bá kó àwọn yẹn lọ bá a, ẹ pa á nìyẹn."

"Tí mi ò bá kó wọn lọ ńkọ́?"

"Á kú bó ṣe fẹ́."

Mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí náà ló ti jáde. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá." Mo fi í sílẹ̀, ó pè wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó bẹ àwọn ọlọ́pàá náà pé kí wọ́n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì wọn kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ọ̀gá wọn ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ẹ bá wa lọ. Tó bá rí yín, ara ẹ̀ á balẹ̀." Mo ní èmi ò ní wọ inú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù láéláé, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Inú ń bí mi, mo sì rò pé Anacleto ni mo dúró tì. Zunilda nìkan ló bá wọn lọ.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi dé. Anacleto sùn gbalaja sínú ọkọ̀, wọ́n de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀. Wọ́n bá a lábẹ́ igi, ó ti so okùn. Bó ṣe rí yúnífọ́ọ̀mù, ó sáré kó sínú odò, wọ́n fà á jáde, ó ń jà débi pé ọkọ̀ fẹ́ dà, ni wọ́n bá dè é. Zunilda ti bọ́ kóòtù ẹ̀ sí i lábẹ́ orí. Omi ti rin gbogbo ara Zunilda, ètè ẹ̀ bẹ́. Anacleto ń wo òfuurufú, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ èèkàn. Mo sá kúrò níbẹ̀.

Ó lo oṣù mẹ́ta nílé ìwòsàn. Eulalia, àbúrò ẹ̀ obìnrin, mú un sọ́dọ̀ nígboro. Ọjọ́bọ̀ tó kọ́kọ́ padà wá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ẹni tó jókòó síbẹ̀, ó yí padà. Àwa yòókù forí korí, wọ́n ní kí èmi lọ sọ fún Zunilda. Ta ni wọn ò bá rán bí kò ṣe èmi ẹlẹ́nu jábujàbu?

Mo ní, "Màdáámù, ó ní òun ò ní wọlé tí ẹ bá wà níbẹ̀."

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa ṣọ́ omi kó má hó jù, ewé á korò. Láti ọjọ́ yẹn, abúlé ló ń lọ, ó ń wá àwọn ológun tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, tó bá sì wà nígboro, ó máa ń jókòó nìkan nínú ọ́fíìsì kótópó kan. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú wa. Kò sẹ́ni tó kí i pé ó ṣeun, èmi náà ò kí i.

Nígbà tí ooru dé, èmi àti Anacleto jọ ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Ká ní Màdáámù gbọ́ tèmi ni, o ò bá ti kú."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀? Èmi lò ń bá ṣeré, o ò sì fẹ́ rí i?"

Ó ṣẹ́ okùn, ó ta kókó. "Mo mọ̀ pé òun ló yọ mí. Mo máa ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ó rí mi lórí ìdè, Ireneo. Mi ò lè wo ojú ẹni tó rí mi lórí ìdè."

Èmi náà rí i lórí ìdè, lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ ọ́. Ó mọ̀, ó sì jọ pé ó ti darí ẹ̀ jì mí látìgbà tó ti pẹ́, èyí tí mi ò tọ́ sí rárá.

Mo lọ bá Zunilda ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ohun tí Anacleto wí fún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò.

Ó ní, "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Eulalia ní àwo méjì ló ń jẹ."

"Ó ń sùn?"

"Ó ń sùn."

Omi ń dà lójú ẹ̀, kò nù ún. Ó ní, "Ó dáa. Kó má rí mi. Kó má rí mi títí tó máa fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún."

Mo dìde, mo débi ilẹ̀kùn, mi ò lè lọ. Mo ní, "Màdáámù, ó yẹ kí n bá yín wọ ọkọ̀ yẹn."

Mo rò pé á ní kò burú, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ohun tó ti ń sọ fún gbogbo wa fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá. Ó yẹ kí ẹ wọ̀ ọ́."